Èròjà Irin fún Aláboyún àti Ọmọ Tuntun: Ohun Tí Ẹ Ó Máa Ṣe Láti Ìforúkọsílẹ̀ Títí Ọmọ Á Fi Bẹ̀rẹ̀ Oúnjẹ

Bí nọ́ọ̀sì bá sọ fún aláboyún pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kéré, kó tó délé ni ìmọ̀ràn á ti di mẹ́ta. Ọ̀kan á ní kó po mọ́ọ̀tì pọ̀ mọ́ mílíìkì inú agolo. Òmíràn á ní kó fún ewé ugu, kó mu ún ní tútù. Ìyá ọkọ á gbé pòròpórò ọkà bàbà kaná títí omi rẹ̀ á fi pupa bẹ́lẹ́jẹ́. Inú rere ni gbogbo wọn fi ṣe é. Ṣùgbọ́n ṣúgà ló pọ̀ jù nínú mọ́ọ̀tì, kalisíọ̀mù inú mílíìkì kì í sì í jẹ́ kí irin wọ ara dáadáa. Pípupa tí omi pupa náà kò sọ ọ́ di ẹ̀jẹ̀.

Irin ni ara fi ń ṣe ohun pupa inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní hemoglobin, èyí tó ń gbé atẹ́gùn láti inú ẹ̀dọ̀fóró lọ sí gbogbo ara, títí dé ọ̀dọ̀ ọmọ inú. Èyí tí ara kò bá tíì lò, á tọ́jú rẹ̀ pamọ́. Ìpamọ́ yìí ló máa ń kọ́kọ́ gbẹ kí ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dín: omi inú àmù lè ti kù fẹ́ẹ́rẹ́ nígbà tí ife ọwọ́ ẹni ṣì kún. Obìnrin tí PCV rẹ̀ (àyẹ̀wò tó ń wọn ìpín tí ẹ̀jẹ̀ pupa kó nínú ẹ̀jẹ̀) dára lónìí lè má ní irin kankan nípamọ́ mọ́. Ìdí nìyí tí oògùn ẹ̀jẹ̀ kò fi gbọdọ̀ dúró de ìgbà tí PCV bá já wálẹ̀.

Oyún kan, látìbẹ̀rẹ̀ dópin, máa ń gba nǹkan bí 1,000 mìlígíráàmù (mg) irin. Nǹkan bí 300 nínú rẹ̀ ń lọ sára ọmọ àti ibi ọmọ. Ìyá fi èyí tó pọ̀ jù nínú ìyókù ṣe àfikún ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀, díẹ̀ sì ń bá ara lọ lójoojúmọ́. Oṣù mẹ́ta tó gbẹ̀yìn ni ọmọ ń kó púpọ̀ jù nínú ìpín tirẹ̀. Èyí tó bá pé oṣù kí a tó bí i máa ń gbé nǹkan bí 75 mg wá sáyé lórí kílò kọ̀ọ̀kan, òun ló sì máa fi gbé oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà àkọ́kọ́. Ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé kò ráyè kó tirẹ̀ tán.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ forúkọ sílẹ̀ kí oyún tó yọ

Mo mọ ìdí tí ọ̀pọ̀ fi ń dúró. Nílẹ̀ wa, a kì í pariwo oyún tí kò tíì hàn, kí ayé má baà gbọ́. Ṣùgbọ́n fáìlì ilé ìwòsàn kì í ṣe ìkéde. Ẹni tó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ agbẹ̀bí ní oṣù karùn-ún ti fi àkókò tó rọrùn jù láti kó irin pamọ́ ṣòfò.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, ẹ rí i pé wọ́n yẹ PCV tàbí hemoglobin yín wò, kí wọ́n sì mọ jínótáìpù yín. Bí wọ́n bá ní "ó dáa", ẹ béèrè pé èló ni, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) gbà pé ẹ̀jẹ̀ aláboyún kò tó bí hemoglobin rẹ̀ bá wà lábẹ́ 11 g/dL. Láàárín oṣù kẹrin sí ìkẹfà, 10.5 ni wọ́n ń lò, nítorí pé omi inú ẹ̀jẹ̀ ìyá máa ń pọ̀ sí i lásìkò yẹn, ẹ̀jẹ̀ á sì là díẹ̀ láìsí àìsàn kankan. Ní PCV, 11 yẹn jẹ́ 33. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ní Nàìjíríà kì í kà á sí àfi tó bá wọ abẹ́ 30. Lójú tèmi, ẹni tó wà láàárín 30 sí 33 ló yẹ kó tètè gbéra jù, torí oògùn oníhóró nìkan ṣì lè gbé e dìde. Bí hemoglobin bá wà lábẹ́ 7, ìyẹn PCV bíi 21, ọ̀rọ̀ dókítà ni lójú ẹsẹ̀, kì í ṣe ti kẹ́mísìtì àdúgbò.

Àyẹ̀wò tó ń fi ìpamọ́ irin hàn gan-an ni ferritin. Bí ó bá wà lábẹ́ 30 ng/mL, ọ̀pọ̀ dókítà á gbà pé ìpamọ́ ti gbẹ. Kì í ṣe gbogbo láàbù ló ń ṣe é, ó sì wọ́n ju PCV lọ. Bí ibà tàbí àrùn mìíràn bá wà lára, ferritin lè ga láìjẹ́ pé irin pọ̀, nítorí náà kí ara kọ́kọ́ balẹ̀ kí wọ́n tó gbà á gbọ́. Bí owó rẹ̀ kò bá sí, ẹ má tìtorí rẹ̀ dá oògùn dúró.

Kí wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ yẹ̀ wò ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 28, àti ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 36.

Ẹ má dúró de àmì. Òòyì àti àárẹ̀ kò jẹ́ tuntun sí aláboyún, kò sì sẹ́ni tó lè fi wọ́n mọ PCV. Nígbà tí inú ìpéǹpéjú àti àtẹ́lẹwọ́ bá ti funfun, tí èémí ń gùn lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kékeré, tí àyà ń lù kìkì lórí ìjókòó, ọ̀ràn ti pẹ́ nílẹ̀. Àmì kan wà tí àwọn èèyàn fi ń ṣe yẹ̀yẹ́: kí aláboyún máa wá áísì, erùpẹ̀ tàbí ẹfun jẹ. Àìtó irin lè fa ìyẹn, kí ẹ sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì láìtijú. Ẹfun tí wọ́n ń tà fún jíjẹ yìí, tí àwọn Ìgbò ń pè ní nzu, lè ní òjé nínú, òjé sì ń ba ọpọlọ ọmọ inú jẹ́. Wọ́n ti kìlọ̀ rẹ̀ ní Bírítéènì fún àwọn aláboyún wa tó ń rà á ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Áfíríkà níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ wá ohun tó ń jẹ ẹ̀jẹ̀ náà

Ibí yìí ni a ti ń ṣì í jù. Ẹ̀jẹ̀ kéré, a ra tọ́níìkì. Kò gòkè, a ra òmíràn tó wọ́n jù ú lọ. Kò sẹ́ni tó béèrè ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà lọ.

Ibà ni ẹ kọ́kọ́ fura sí. Kòkòrò ibà a máa fọ́ ẹ̀jẹ̀ pupa, a sì máa sá pamọ́ sínú ibi ọmọ, débi pé ara ìyá lè má gbóná rárá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fún aláboyún ní oògùn SP (sulphadoxine-pyrimethamine, tó ń dènà ibà) nílé ìwòsàn, hóró mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ 13. Ó kéré tán, kí ẹ lò ó lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ tó bímọ, kí oṣù kan sì wà láàárín ọ̀kan àti èkejì. Ẹni tó ń lo cotrimoxazole nítorí HIV kò gbọdọ̀ lò ó pọ̀ mọ́ SP. Ẹni tí oògùn tó ní sulfa nínú, irú SP, máa ń bá jà gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Kí gbogbo wa sì máa sùn lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì.

Ohun kan wà níbi SP tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Folic acid ni vitamin tí aláboyún ń lò pẹ̀lú oògùn irin. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ní ilé ìtajà oògùn wa ni hóró 5 mg, bẹ́ẹ̀ 0.4 mg ni aláboyún tí kò ní ìṣòro àrà ọ̀tọ̀ nílò lójúmọ́. Folic acid 5 mg máa ń dín agbára SP kù. Ẹ wo ara páálí yín. Bí ó bá jẹ́ 5 mg, ẹ bi dókítà tàbí agbẹ̀bí yín bóyá ó ní ìdí tí wọ́n fi kọ ọ́ fún yín, kí ẹ sì sọ ọjọ́ tí ẹ fẹ́ lo SP.

Aràn tún ń mu ẹ̀jẹ̀, pàápàá èyí tó ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọlé lára ẹni tí kì í wọ bàtà lóko. Albendazole 400 mg, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, lẹ́yìn oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ni WHO fọwọ́ sí níbi tí aràn bá ti wọ́pọ̀. Kí ó má ṣáájú oṣù mẹ́ta yẹn.

Jínótáìpù ńkọ́? AS lásán kì í dín ẹ̀jẹ̀ kù, kí ẹ má di gbogbo ẹ̀bi rù ú. Ṣùgbọ́n SS àti SC yàtọ̀. Ẹ̀jẹ̀ olóyún tó ní fòníkúfọ̀ladìde máa ń kéré nítorí pé ó ń fọ́ kíákíá, irin lè ti pọ̀ nípamọ́ rẹ̀, pàápàá bí ó bá ti gba ẹ̀jẹ̀ rí. Kí irú wọn má dá lo oògùn irin láìjẹ́ pé dókítà ti wo ferritin wọn. Ní ti folic acid, àwọn ló máa ń nílò 5 mg, ẹ̀ka tó ń tọ́jú wọn ló sì máa sọ bí wọ́n ṣe máa dènà ibà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ ka ara páálí oògùn, kí ẹ sì lò ó bó ṣe yẹ

WHO ní kí aláboyún máa lo 30 sí 60 mg irin lójúmọ́ pẹ̀lú 0.4 mg folic acid, jálẹ̀ oyún, yálà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó tàbí kò tó. Níbi tí àìtó ẹ̀jẹ̀ ti wọ́pọ̀, 60 ló sàn jù. Àwa wà lára wọn: ìwádìí ìlera orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti 2018 fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ kò tó lára àwọn aláboyún tó ju ìdajì lọ.

Iye gàdàgbà tó wà lójú páálí kì í ṣe iye irin tó wà nínú hóró. Ferrous sulphate 200 mg ní nǹkan bí 65 mg irin. Bẹ́ẹ̀ náà ni ferrous fumarate 200 mg. Ferrous gluconate 300 mg ní nǹkan bí 35 péré. Nítorí náà, hóró kan lójúmọ́ nínú oríṣi méjì àkọ́kọ́ tó. Nínú ti gluconate, hóró kan kò tó 60 yẹn. MMS (multiple micronutrient supplement), hóró tuntun tí ìjọba ti ń mú wọ àwọn ilé ìwòsàn kan, ní oríṣi èròjà 15 nínú, 30 mg sì ni irin tirẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá fún ní MMS kì í tún po oògùn irin àti folic acid mọ́ ọn láìjẹ́ pé wọ́n ní kó ṣe bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti kéré, WHO ní kí irin di 120 mg lójúmọ́ títí hemoglobin á fi padà sípò, lẹ́yìn náà kí ó padà sí iye àtijọ́. Àwọn dókítà kan ń lo hóró kan ṣoṣo lójúmọ́, tàbí kí wọ́n máa fo ọjọ́ kan láàárín, torí pé lẹ́yìn tí irin púpọ̀ bá wọlé, ìfun kì í gba tó bẹ́ẹ̀ mọ́ fún bí wákàtí 24. Ẹ tẹ̀ lé èyí tí dókítà yín bá mú. Ohun tó burú ni kí ẹ dá a dúró pátápátá.

Inú òfìfo ni irin ń wọlé dáadáa jù, pẹ̀lú omi ọsàn tàbí omi lásán. Kí tíì, kọfí, Milo, mílíìkì àti obì jìnnà sí i ní wákàtí kan ó kéré tán. Oògùn kalisíọ̀mù àti oògùn àyà títa, ẹ jẹ́ kó tó wákàtí méjì. Ẹni tó ń fi tíì gbé oògùn ẹ̀jẹ̀ mì láàárọ̀ ń sọ owó ara rẹ̀ nù.

Ìgbẹ́ á dúdú. Kò sí ewu níbẹ̀, irin tó ṣẹ́ kù nínú ìfun ni. Bí ó bá ń rìn yín níkùn, ẹ gbé e sí alẹ́, lẹ́yìn oúnjẹ díẹ̀, kí ẹ tó sùn. Bí ìgbẹ́ bá le, omi púpọ̀, ìbẹ́pẹ àti ẹ̀fọ́ máa ń ṣèrànwọ́. Bí kò bá rọ̀, ẹ ní kí wọ́n yí oríṣi rẹ̀ padà. Àwọn kan a sì máa sọ pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ń mú ọmọ tóbi débi iṣẹ́ abẹ. Irọ́ ni. Ọmọ tó kéré jù àti ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé ni àìtó ẹ̀jẹ̀ ń mú wá.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ padà yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ó yẹ kí hemoglobin ti fi bíi 1 g/dL gòkè, ìyẹn bíi 3 nínú PCV. Bí kò bá gòkè, ẹ sọ òtítọ́ fún dókítà nípa iye ọjọ́ tí ẹ fò, kí ẹ sì padà sí ìgbésẹ̀ kejì. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ irin tí wọ́n ń fà sára nípa dírìpù kàn, èyí tí wọn kì í lò ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Ìwádìí kan tí Yunifásítì Èkó ṣe aṣáájú rẹ̀, lórí aláboyún 1,056 ní Èkó àti Kano, tó jáde ní 2024, fi dírìpù yìí wé oògùn oníhóró. Ìpamọ́ irin àwọn tó gba dírìpù dára jù dáadáa. Síbẹ̀, iye àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò tíì tó ní ọ̀sẹ̀ 36 kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ láàárín ẹgbẹ́ méjèèjì. Irin nìkan kọ́ ló ń jẹ ẹ̀jẹ̀ obìnrin wa.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Oúnjẹ

Oúnjẹ kò lè rọ́pò oògùn nínú oyún, àmọ́ òun ni ìpìlẹ̀. Irin inú ẹran, ẹja àti ìgbín ń wọ ara ju ti ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà lọ. Àwọn àgbà kan ní aláboyún tó bá jẹ ìgbín, ọmọ rẹ̀ á máa da itọ́. Kò sí ọmọ jòjòló tí kì í da itọ́. Ẹ jẹ ìgbín yín, kó ṣáà jinná.

Ẹni tí agbára ẹran kò ká, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ugu, ẹ̀gúsí àti edé gbígbẹ wà. Ohun tó ń mú irin inú wọn wọlé ni vitamin C, iná púpọ̀ sì ń pa á. Nítorí náà, ata àti tòmátò tó ti jinná nínú ọbẹ̀ fún wákàtí kan kò tó. Ẹ jẹ ọsàn, gúáfà, ìbẹ́pẹ tàbí kajú tútù lé oúnjẹ náà lórí. Ẹja díẹ̀ nínú ẹ̀wà náà ń ran irin ẹ̀wà lọ́wọ́. Kí ẹ rẹ ẹ̀wà sómi, kí ẹ sì bó o fún mọ́ínmọ́ín tàbí àkàrà, ń dín ohun tó ń di irin mú nínú rẹ̀ kù.

Ẹ̀dọ̀ ní irin púpọ̀, vitamin A inú rẹ̀ sì pọ̀ débi pé ó lè ṣe ọmọ inú ní jàǹbá. NHS, iléeṣẹ́ ìlera ìjọba ní Bírítéènì, ní kí aláboyún yẹra fún un pátápátá. Èmi náà ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti fi í ṣe oògùn ẹ̀jẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ọjọ́ ìkúnlẹ̀

Kí ọjọ́ tó pé, ẹ parí ọ̀rọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ tó máa fi sílẹ̀ pẹ̀lú ọkọ tàbí ẹbí. Ẹ̀jẹ̀ tí ẹni tó ní púpọ̀ lè dà nù láìrẹ̀ ẹ́ lè gbé ẹni tí PCV rẹ̀ kéré lọ, nítorí náà ilé ìwòsàn tó ní ẹ̀jẹ̀ nípamọ́ ni kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bí sí.

Ẹ sọ fún agbẹ̀bí ṣáájú pé kí wọ́n má kánjú di ìwọ́ ọmọ. WHO ní kó tó ìṣẹ́jú kan sí mẹ́ta lẹ́yìn tí ọmọ bá jáde. Láàárín ìṣẹ́jú yẹn, ẹ̀jẹ̀ tó tó 80 sí 100 mílílítà ṣì ń gba inú ìwọ́ lọ sára ọmọ, irin inú rẹ̀ sì ni ọmọ máa fi pamọ́ de oṣù tó ń bọ̀. Kò náni ní kọ́bọ̀ kan. Ó ṣeé ṣe bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ abẹ, ó ṣeé ṣe bí ìyá bá ní HIV, wọ́n sì lè gún ìyá ní abẹ́rẹ́ tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró láìdí ìwọ́ ná. Ọmọ tí kò mí tó sì nílò kí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu ni wọn kì í dúró fún. Ojú ọmọ mìíràn lè pọ́n díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kó ní àwọ̀ ìyeyè. Ẹ fi han dókítà bí ó bá pọ́n.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Lẹ́yìn ìbímọ

Kí ìyá má da oògùn rẹ̀ nù lọ́jọ́ ìkómọjáde. Ọ̀sẹ̀ 6 sí 12 ni WHO ní kó tún lò ó sí i, àti pé kí ó tó ọdún méjì kí ó tó lóyún mìíràn, torí ìpamọ́ kì í kún padà lóṣù kan. Irin inú ọmú kéré, kì í sì í pọ̀ sí i nítorí pé ìyá ń lo oògùn. Ara ìyá fúnra rẹ̀ ni oògùn yẹn wà fún. Ìwọ̀nba inú ọmú náà ń wọ ara ọmọ dáadáa, ó sì tó ọmọ tó pé oṣù títí dé nǹkan bí oṣù mẹ́fà. Omi àti àgbo kò ní ohun tí wọ́n fẹ́ fi kún un.

Ẹ má fòyà bí láàbù bá ní ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù méjì kéré sí ti ọjọ́ tí a bí i. Bẹ́ẹ̀ ni ti gbogbo ọmọ ń rí. Ẹ má ra tọ́níìkì fún un.

Ọmọ tí wọ́n bí láìpé oṣù, tàbí tí kò tó kílò 2.5, ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀. Òun nílò irin olómi, 2 sí 4 mg lórí kílò kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kejì. Dókítà ọmọdé ló máa ṣírò rẹ̀. Ẹ béèrè kí ẹ tó kúrò ní wọ́ọ̀dù, torí wọ́n lè gbàgbé.

Ní oṣù kẹfà, ìpamọ́ ọmọ ti ń tán, ògì lásán kò sì ní lè dí àlàfo náà. Ẹ po ẹ̀wà lílọ̀, edé lílọ̀ tàbí ẹja gbígbẹ mọ́ ọn. Ẹ fún un ní ẹyin, àti ẹran tí ẹ lọ̀ kúnná. Àwọn tó ń sọ pé ẹran ń kọ́ ọmọ lólè ló ń fi ẹran sínú abọ́ bàbá nìkan. Mílíìkì màlúù kò gbọdọ̀ di ohun mímu rẹ̀ kí ó tó pé ọmọ ọdún kan.

Bí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ bá funfun, tí kò fẹ́ mu ọmú, tí èémí rẹ̀ ń yára tàbí tí ó ń sùn láìfẹ́ jí, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà ni. Oògùn irin ti ìyá, ẹ gbé e sókè, kí ẹ sì dé e pa. Hóró díẹ̀ péré nínú rẹ̀ lè pa ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Bí ọmọ bá gbé e mì, ẹ má ṣe fún un ní epo pupa tàbí mílíìkì kí ẹ máa wò ó. Ẹ gbé e àti páálí oògùn náà lọ sí ilé ìwòsàn, kódà bí kò bá tíì bì.